Ìtàn iwin tó ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín: ẹ wá dá sí i, ẹ̀yin ará Èkìtì

Ántí Ìwé Kíkà (Adó-Èkìtì)

Èkìtì kete o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ ká lè jọ ka ìwé Yorùbá, ọmọ ọdún 7 sí 11 ni wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè ṣáá, "Ántí, ẹ sọ ti iwin fún wa!" Wọn ò fẹ́ gbọ́ ti ìjàpá mọ́, wọ́n láwọn ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn ìtàn iwin tó wà lọ́wọ́ mi wá pín sí méjì, àwọn kan le ju àwọn ọmọ lọ, tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán wọn ò ní fẹ́ dá lọ tọ̀ lóru, àwọn yòókù sì jẹ́ ìwàásù, iwin á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ báyìí, á ní kí wọ́n máa gbọ́ràn sí òbí wọn lẹ́nu, ó parí. Èyí tó máa já wọn láyà díẹ̀ kó tó wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín àrìntàkìtì ni mo ń wá, mo sì ti pinnu pé èmi àtàwọn ọmọ la máa jọ kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ irú ẹ̀ fọ́mọ rí, tàbí tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe tó fi ń dùn?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ìjerò-Èkìtì)

Ọmọ mi, o káre. Èyí tí mo mọ̀ jù ni pé iwin tí ò ní ìṣòro kankan ò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́ bi ara rẹ, kí ni iwin yìí ń wá kiri lóru tí kò sùn? Kó jẹ́ nǹkan kékeré tí ọmọdé náà mọ̀, bí iyọ̀, bí òòyà, bí ẹni tó máa bá a họ ẹ̀yìn níbi tọ́wọ́ ẹ̀ ò tó. Àmọ́ má tètè sọ ọ́ o. Jẹ́ kẹ́rù kọ́kọ́ bà wọ́n dáadáa, torí inú ẹ̀rù yẹn lẹ̀rín ti ń yọ, tẹ́rù ò bá ba ọmọ rárá, kò sóhun tó máa rẹ́rìn-ín sí.

Wo èyí, o lè mú un lọ tó o bá fẹ́. Ilé kan wà n'Íjerò níbí, bó bá ti di ààjìn, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní kíṣìnnì, gbì, gbì, gbì. Gbogbo ilé á faṣọ borí. Bílẹ̀ bá mọ́, odó á tutù rinrin, èèpo á wà nílẹ̀, wọn ò ní bá iyán. Jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, kó tún ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí bàbá wọn gan-an sọ pé òun ò lè dìde. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin ilé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré, rọra yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ló bá rí iwin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, ojú ẹ̀ pọ́n, irun ẹ̀ ń wọ́lẹ̀, òógùn bò ó, ó ń gúnyán. Iwin yíjú sí ọmọ. Ó la ẹnu. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, kí ló dé tó fi ń ní kókó?" Àṣé ọgọ́rùn-ún ọdún ló ti ń gún un tí ò kúnná! Ọmọ wo inú odó, ó wo èèpo tó wà nílẹ̀, ó ní, "Háà, Bàbá, ewùrà lẹ fi ń gúnyán!"

Ọmọ Èkìtì wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní ṣubú lulẹ̀? Ewùrà tómi pọ̀ nínú ẹ̀, tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́! Ṣó o rí i pé iwin yẹn ò yí padà, irun ẹ̀ ṣì ń wọ́lẹ̀, ojú ẹ̀ ṣì pọ́n, ohun tó ń dà á láàmú la wá mọ̀. Ọmọ náà ló sì mọ ọ̀nà àbáyọ, kì í ṣe bàbá ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ọmọ tó ń kà á.

Nǹkan kan tí mo kórìíra ni kí wọ́n parí ẹ̀ pé ewúrẹ́ ni, tàbí pé àlá ni. Ọmọ tó ti fọkàn bá ọ lọ látìbẹ̀rẹ̀, o rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Kí iwin jẹ́ iwin délẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Bàbá, ẹ ṣeun, iwin aléwùrà yìí ti wọ ilé mi lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi orin kún un. Àwọn ìyá wa tó ń pàlọ́ fún wa, wọn kì í sọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìsí orin, ègbè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ọmọ tó ń gberin ò ráyè bẹ̀rù jù. Iwin ló máa dá a, àwọn ọmọ á gbè é:

Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn o
— Kò-kò-kò
Ta ló wà nílé o
— Kò-kò-kò
Ebi ló ń pa mí o
— Kò-kò-kò
Ẹ bùn mi níyọ̀ o
— Kò-kò-kò

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí iwin kọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ohùn ńlá kọ ọ́, ẹ má kánjú, kí gbogbo wọn sún mọ́ra. Lẹ́ẹ̀kejì, kó ti dé tòsí, kóhùn ẹ̀ le sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n ti ń retí èyí tó burú jù, kí iwin gbàgbé orin ẹ̀ síbẹ̀, kó dúró, kó máa bi àwọn ọmọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kàn?" Háà, àwọn ìbejì mi á fò dìde, wọ́n á máa pariwo orin yẹn fún un, wọ́n á tiẹ̀ máa bá a wí pé kò dákẹ́ gbọ́! Àmọ́ ègbè yẹn ẹ má yí i padà láàárín o, bákan náà ni kó rí títí.

Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má ṣahun ariwo. Yorùbá ní in rẹpẹtẹ. Iwin tó tóbi á máa rìn gbì-gbì, èyí tó tín-ín-rín á kọjá fìrì, ilẹ̀kùn á pa dé gbàù. Ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà dáadáa pàápàá á ka "gbàù" yẹn, á sì kà á sókè.

Ọmọ Ìkọ̀lé (mo wà l'Ékòó báyìí)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún wa ní kékeré. Má súfèé lóru. Bí wọ́n bá pè ọ́ lóru tó ò rẹ́ni tó pè ọ́, má dáhùn. Má bẹ̀rẹ̀ lọ́jà kó o wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n ní ibẹ̀ lo ti máa rí àwọn tẹ́sẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Ọmọ wo ni ò fẹ́ dán ìyẹn wò? Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò nílò nǹkan míì.

Bí àpẹẹrẹ, ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba l'Ádó, ó wo ẹ̀yìn, lóòótọ́ ló rí bàbá kan tó wọ agbádá tẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò kan ilẹ̀, ó ń ná ata. Ó ń bínú gan-an, "Èló lẹ pe ata yìí? Sísì ni mo ń rà á!" ó wá ń na tọ́rọ́ àti ṣílè, owó àtijọ́, sí ìyá aláta, ìyá náà ò rí i, ohùn ló ń gbọ́, ó sì ń dá a lóhùn pé kó lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń tà á ní sísì. Ọmọ yẹn ò lè dìde, torí tó bá dìde bàbá á pòórá. Àwọn èèyàn rí i tó tẹ̀ kodò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé inú ló ń run ún, ni wọ́n bá ń gbé àgbo wá láti ìsọ̀ kan dé òmíràn, wọ́n ní kó mu ún, ibi tó ti tẹ̀ kodò ni wọ́n ti fẹ́ máa rọ ọ́ fún un!

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa lo irú iwin yìí, ẹ ṣírò ọdún ẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣàyẹ̀wò nǹkan lórí fóònù. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé, ẹni tó ń náwó ṣílè gbọ́dọ̀ ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra ẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ọ́ lára Oǹdó, Oǹdó yẹn náà, ọdún 1976 ni wọ́n gé e kúrò lára Western State. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bi iwin pé ìpínlẹ̀ wo ló ti wá, kí iwin ní Western Region, bí wọ́n ṣe ń pe ìhà ibí kó tó di Western State, kí ọmọ ní kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìjà bẹ́, kí wọ́n wá lọ pe ìyá àgbà pé kó wá là á. Ẹ̀rín ni o, ìtàn ìlú wọn náà sì ni.

Bàbá Oko (Ìkọ́gòsì-Èkìtì)

Ẹ̀yin ará ìgboro, jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbóhùn òru bá a ṣe ń gbọ́ ọ níbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́rù inú ìtàn yín jẹ́ ojúlówó, ohùn tó wà lóòótọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀fàfà wà, ẹranko kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ, orí igi ló ń gbé, bó bá dòru á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á kọ́kọ́ rọra ké, á máa ròkè, á máa le sí i, títí àlejò tí ò mọ̀ ọ́n á fi sá wọlé kó ti ilẹ̀kùn. Búṣì bébì, ẹranko kékeré míì, ń ké bí ọmọ ọwọ́ nínú igbó. Òwìwí ń bẹ. Inú ilé pàápàá, páànù tóòrùn ti pa látàárọ̀ á máa tutù lóru, bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, á dún kó! lórí òrùlé, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń rìn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi èyí sínú ìtàn, ọmọ máa gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, á sì mọ ohun tó jẹ́ torí ẹ ti sọ ọ́ fún un. Èmi a jẹ́ kí iwin fúnra ẹ̀ máa bẹ̀rù ọ̀fàfà, bọ́fàfà bá ti ké kó já wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, kí ọmọ wá máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé ẹranko kékeré lásán ni.

Ẹ má gbàgbé odò wa náà o. Omi gbígbóná àti omi tútù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣàn wá kí wọ́n tó pàdé, ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sí ti ibí kẹ́ ẹ fi ìkejì sí tọ̀hún. Ẹ fojú inú wo iwin tí ò lè pinnu èyí tó máa wẹ̀, tó ti ń ronú ẹ̀ bọ̀ látayé àwọn baba ńlá wa, ihò imú ẹ̀ òsì ń dà, tọ̀tún gbẹ. Ọmọ tí ilé ìwé bá ti kó wá síbí rí á mọ ibi tẹ́ ẹ ń wí.

Mọ̀mí Sọ́ńdè Sùkúù (Ìdó-Èkìtì)

Ẹ má bínú, mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní sọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí òkùnkùn ṣeré, ṣé àwa náà la tún máa wá kó o fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín? Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé kò sí kíláàsì tí ò ti lè sí ọmọ tí bàbá ẹ̀ tàbí ìyá ẹ̀ ti kú. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bi yín pé ṣé bàbá òun náà ń rìn kiri lóru ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Àlàájà (Ìrè-Èkìtì)

Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ yín wúwo, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Mùsùlùmí lèmi, àwọn òbí tiwa náà ń bèèrè ohun kan náà. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń sọ fáwọn òbí ṣáájú, màá tiẹ̀ sọ ìtàn náà fún wọn látòkèdélẹ̀, òbí tí ò bá fẹ́, mi ò ní bá a jiyàn, ọmọ ẹ̀ á ya àwòrán tàbí ka ìwé míì lọ́jọ́ yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ọfọ̀ nínú ìtàn mi, kò sórúkọ òrìṣà, mi ò sì ní fi eégún ṣe iwin láé, torí eégún jẹ́ ará ọ̀run fáwọn tó ni ín, ìdílé wọn ló ni ọ̀wọ̀ yẹn, kì í ṣe nǹkan tí màá fi pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká sì lo ohun táwọn ìyá wa fi sílẹ̀. Ẹ ní "Ààlọ́ o!" kí wọ́n ní "Ààlọ̀!", gbogbo wọn ti mọ̀ pé eré la wọ̀ yẹn. Bó bá parí, ẹ tì í padà: "Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà, bí mo bá purọ́ kí agogo ẹnu mi má ró, bí n ò bá purọ́ kó ró lẹ́ẹ̀mẹta," kí àwọn ọmọ fẹnu wọn dún pó, pó, pó. Ọmọ tó bá ti dún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ pé iwin yẹn ò bá òun lọ sílé.

Ti ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo òkú tó lójúlùmọ̀ fáwọn kékeré. Iwin inú igbó tí kò fìgbà kan jẹ́ èèyàn rí ni mo máa ń lò. Àkúdàáyà, ìyẹn ẹni tó kú níbí tó wá ń gbé ìlú míì tó láya tó ń ṣòwò níbẹ̀, ìtàn dídùn ni, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì, torí ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàbá ẹ̀ kiri. Tí ọmọ bá sì bi yín nípa bàbá ẹ̀, ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ẹ má fi ìtàn dá a lóhùn. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ò rìn kiri, ó ti lọ sinmi, kẹ́ ẹ tún rí ìyá ẹ̀ lẹ́yìn náà kó lè mọ ohun tọ́mọ ń rò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹgbére. Kékeré ni, ó gbé ẹní dání, ẹkún ló ń sun ní gbogbo ìgbà, wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní ẹ̀ máa lówó, àfi kó lè fara da ẹkún ẹ̀. Gbogbo àgbà inú ìtàn ló ń lé e nítorí ẹní. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ṣáà bi í pé, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?" Kò sẹ́ni tó bi í rí! Ẹgbére nu imú, ó ní, "Ìdun ló kún inú ẹní mi." Ni ọmọ bá gba ẹní, ó lọ sá a sóòrùn.

Mọ̀mí Sọ́ńdè Sùkúù (Ìdó-Èkìtì)

Àlàájà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún yín. Ìyẹn tí ẹ ní ká sọ fáwọn òbí ṣáájú yẹn, mo fara mọ́ ọn. Lọ́wọ́ mi, ẹgbére onídun yìí lè wọlé, àwọn tó kú tẹ́lẹ̀ ò ní wọlé.

Búrọ̀dá Họ́sítẹ̀lì (Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ẹ ẹ̀ wá ní mẹ́nu ba Madam Koi Koi? Kò sí ọmọ bọ́dìn ní Nàìjíríà tí ò gbọ́ ọ rí, obìnrin tó wọ bàtà gogoro tó ń rìn ní kọ́rídọ̀ họ́sítẹ̀lì lóru, kòì, kòì, kòì. Àwọn ọmọ Gánà náà ní tiwọn, Madam High Heel ni wọ́n ń pè é. Èyí ti dẹ́rù ba àwọn ọmọ fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó la ẹnu, iṣẹ́ yín ò pọ̀. Ẹ kàn bọ́ bàtà kan kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀: kòì… pẹ̀… kòì… pẹ̀. Ọmọ á gbọ́ "pẹ̀" yẹn, ó tán, ẹ̀rín ti dé. Aránbàtà kan wá ń kọjá lọ tó ń gbá àpótí ẹ̀ kó-kó-kó, Madam gbọ́ ọ, ó rò pé iwin míì ló ń bọ̀, ó sá wọ abẹ́ bọ́ńkì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bọ́dìn lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé. Àárò ilé ń sọ wọ́n nígbà yẹn, ẹkún ti wà lójú wọn, kò sóhun tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.

Sísí Atẹ̀wé (Ìlawẹ̀-Èkìtì)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú pépà A4 méjì, ẹ tò wọ́n lé ra, ẹ ká wọn sí méjì, ojú ewé mẹ́jọ ti dé nìyẹn, sítépù lẹ máa fi dè é láàárín. Ibi tí ọmọ ti máa ṣí ewé ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Ẹ̀rù ni kó wà nísàlẹ̀ ojú ewé ọ̀tún, "Iwin la ẹnu, ó ní…" ẹ dúró síbẹ̀, kí ọmọ ṣí i kó tó rí ọ̀rọ̀ kókó inú iyán yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ méjèèjì sójú kan náà, ojú ọmọ á ti sáré lọ wo ìsàlẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́.

Ẹ fàmì ohùn sí i, ẹ jọ̀ọ́. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé orí fóònù, ní ti Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó ń kà á nìkan nínú ilé ò ní ẹni tó máa bi.

Ẹnu iwin ńkọ́? Èmi a jẹ́ kí ẹni tó ń sọ ìtàn sọ Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà, kí iwin sọ ti Èkìtì. Iwin ò ní ilé, ulé ló ní, kì í jẹ iṣu, uṣu ni. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín torí bí màmá àgbà wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, ẹ̀rù ẹ̀ á sì dín kù lójú wọn torí ó ti di ará ilé.

Ántí Ìwé Kíkà (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé mo lè fi orúkọ àwọn ọmọ fúnra wọn sínú ìtàn, torí wọ́n ti ń bẹ̀ mí? Àti pé ìgbà wo ló dára kí n kà á fún wọn?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ìjerò-Èkìtì)

Ọ̀sán ni, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n lè sáré jáde lọ ṣeré lẹ́yìn ẹ̀. Ti orúkọ, ẹni tó bá gbọ́n nínú ìtàn lè jẹ́ orúkọ ọmọ kan, kẹ́ ẹ máa yí i po kó kan gbogbo wọn. Ẹni tó sá, ẹni tó tọ̀ sára, ẹni tó ké mọ́ iwin lójú, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ ọmọ kankan tó jókòó níbẹ̀, títí kan èyí tó bá bẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Orúkọ yẹn á tẹ̀ lé e dé ilé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ántí Ìwé Kíkà (Adó-Èkìtì)

Mo gbọ́, sà. Ẹgbére la máa fi bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ti ewùrà á tẹ̀ lé e. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi fi ohùn orin yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé "Kò-kò-kò" yẹn.